Oṣù 4 rèé tí mo ti ń lo rọ́bà gìgísẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà lábẹ́ gìgísẹ̀ tó ń dunni, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí

Onídìrí ni mí, láti aago 8 àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú ìdúró ni mo máa ń wà, lórí táìsì, sìlípáàsì pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí gìgísẹ̀ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gún ni mo kọ́kọ́ rò pé ó gún mi. Tí mo bá ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ báyìí, áà! bí ẹni tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, ògiri ni mo máa ń dì mú dé balùwẹ̀. Tó bá yá á fúyẹ́, màá ní ó ti lọ, àfi tí n bá jókòó jẹun ọ̀sán tán tí mo ní kí n dìde, ó tún ti dé. Aládùúgbò mi ní làkúrègbé ni, mo mu àgbo títí, kò gbọ́.

Físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun, tí mo padà lọ rí ló là á yé mi. Ó ní iṣan kan tó nípọn wà lábẹ́ ẹsẹ̀, plantar fascia, láti eegun gìgísẹ̀ ló ti nà lọ bá ìdí àwọn ọmọ ìka, òun ló gbé àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ró, ìdúró mi yẹn ló ń fìyà jẹ ẹ́ níbi tó ti so mọ́ eegun. Téèyàn bá sùn á súnkì, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ á wá fà á lójijì. Eegun ṣóńṣó tí X-ray gbé jáde tó ti ń já mi láyà, ó ní kí n gbàgbé ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní i tí ẹsẹ̀ ò dùn wọ́n rárá.

Ó yá, rọ́bà wa. Sìlíkónì ni, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ₦4,500 ni mo rà á. Ẹni tó tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ 3 péré ni ìrora á fi lọ. Irọ́ ni jàre! Ìrora àárọ̀ ò yí padà, ṣé mo wọ bàtà sùn ni? Ṣọ́ọ̀bù ló ti wúlò, mo lè dìrun tán kí n tó wá ibi jókòó. Àmọ́ kò ṣe é lò nínú sìlípáàsì, á yọ̀ jáde, mo ní láti lọ ra kánfáàsì. Nínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi ó gbé gìgísẹ̀ sókè débi pé bàtà ń bọ́. Ó tún máa ń làágùn, alaalẹ́ ni mò ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kẹ́ ẹ lò ó sí o, ẹyọ kan ni mo kọ́kọ́ fi sí, ìbàdí wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ohun tó mú àárọ̀ rọrùn, ọ̀fẹ́ ni. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, màá gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún kejì, màá fọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka ẹ̀ sẹ́yìn sí ojúgun, màá ka 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà màá fọwọ́ ti ògiri, màá na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Tí iná bá wà, màá fi ìgò omi tó ti dì yí àtẹ́lẹsẹ̀ lálẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 kí n tó rí ìyàtọ̀ gidi, físíò sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó lè gba oṣù mélòó kan, nígbà míì ó lè tó ọdún kan. Kọ́sítọ́mà kan ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sí gìgísẹ̀, mo ní kí n ṣì mú sùúrù ná, torí wọ́n ní tí abẹ́rẹ́ yẹn bá pọ̀ jù iṣan ọ̀hún lè já.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Rọ́bà ti ọ̀tún ti ń fẹ́lẹ́ báyìí, màá ra òmíì, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ ọlọ́jọ́ 3 yẹn.