Abẹ Tuntun Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Wọ́n gba bíléèdì lọ́wọ́ mi níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ̀bi mi sì ni. Ọdún 11 ni mo ti ń fi abẹ irin olójú méjì fá irùngbọ̀n, mo sì mọ̀ dáadáa pé bíléèdì tó dá dúró kì í bá èrò wọ ọkọ̀ òfuurufú nínú báàgì ọwọ́. Mo gbàgbé ni. Ọmọbìnrin tó ń yẹ báàgì wò tú abẹ náà bí ẹni tó ti tú irú rẹ̀ láìmọye ìgbà, ó ju bíléèdì inú rẹ̀ sínú ike kan, ó wá dá irin rẹ̀ padà fún mi: "Ẹ má bínú, sà, èyí ò lè bá yín lọ."

Irin tí kò ní bíléèdì nínú, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo ní ìpàdé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, irùngbọ̀n ọjọ́ mẹ́ta sì wà lẹ́nu mi. Bí mo ṣe kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ra ohun tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ látọjọ́ pípẹ́: abẹ oníbíléèdì márùn-ún, èyí tí orí rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn lórí igi tí wọ́n fi rọ́bà wé. Wọn kì í gba ìyẹn lọ́wọ́ èrò, torí wọ́n ti há bíléèdì rẹ̀ mọ́ inú ike pátápátá.

Mo ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí. Kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́ tí mo dá fún un, ó yẹ kí ẹ mọ irú adájọ́ tí mo jẹ́.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń fá irùngbọ̀n, kò sì sú mi rí. Màá kọ́kọ́ rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú omi gbígbóná, màá fi aṣọ ìnura tó gbóná bo ẹnu kí irun lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni màá fi búrọ́ọ̀ṣì po ọṣẹ nínú abọ́ títí yóò fi hó, tí ìhó náà á ki débi pé bí mo bá da abọ́ dojú dé, kò ní já bọ́. Abẹ yẹn wúwo, mi kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Màá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ìwọ̀n 30 dígírì sí awọ, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kíní, màá tẹ̀ lé ibi tí irun sùn sí. Màá tún fi ọṣẹ pa á, màá sì gbà á ní ìbú. Ní ọrùn, mi ò jẹ́ fá a lòdì sí irun láéláé. Irun mi ká kókó, ẹni tí irun rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Abẹ tó ní irú ètò yẹn ti dàgbà. Ọdún 1904 ni King Camp Gillette gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lé e lórí ní Amẹ́ríkà: bíléèdì pẹlẹbẹ tín-ínrín tí a há sáàárín irin méjì, tí a óò jù nù bó bá kú. Látìgbà náà ni bíléèdì ti ń bímọ. Ní 1971, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gbé orí oníbíléèdì méjì jáde, mẹ́ta dé ní 1998, márùn-ún dé ní 2006. Mo rántí pé nígbà tí mo gbọ́ ti márùn-ún, mo ní ìgbà wo ni wọ́n máa fi ọmọ fún wọn gbé pọ̀n. Ẹ wò mí nísinsìnyí.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo rà á, mo dúró níwájú dígí ní hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ọṣẹ inú agolo, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tó ń fọ́n jáde. Ìwà àtijọ́ ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo dẹ abẹ náà bí mo ṣe máa ń dẹ tèmi, orí rẹ̀ bá yí padà lọ tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo tún un dẹ̀, ó tún yí. Ó ṣe mí bí ẹni tó ń wakọ̀ tí ẹlòmíì di sítiárì mú. Nígbà tó yá, mo jọ̀wọ́ ara mi fún un, mo kàn ń wọ́ ọ bọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, òun ló ń wá ọ̀nà rẹ̀ fúnra rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, mo ti parí. Mo tún wá ṣe ohun tí mi ò jẹ́ fi abẹ irin dán wò: mo fá ọrùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, lòdì sí irun, mo sì tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan. Mo fọwọ́ pa ẹnu, ó jọ̀lọ̀ bíi tọmọdé. Ojú tì mí díẹ̀, torí inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ọrùn mi ti kún fún kókó.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí bíléèdì bá tò tẹ̀ léra, èyí tó ṣáájú máa ń fa irun sókè díẹ̀ bó ṣe ń gé e, àwọn tó tẹ̀ lé e á tún un gé kó tó padà wọlé. Bí irun yẹn bá sì wá sún wọlé, ẹnu rẹ̀ á ti wà lábẹ́ awọ. Ìdí tó fi ń jọ̀lọ̀ nìyẹn. Irun tó bá nà gbọnrangandan á kàn tún hù jáde, kò ní wàhálà. Irun tó ká kókó ò mọ ọ̀nà àbájáde: bó ṣe ń hù ló ń tẹ̀, á wá gún awọ láti inú, awọ á wú, á sì máa yún èèyàn. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní pseudofolliculitis barbae, orúkọ tó gùn ju irun náà lọ. Mi ò di gbogbo ẹ̀bi ru abẹ o. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo fá a lòdì sí irun. Ṣùgbọ́n abẹ irin mi ì bá ti kìlọ̀ fún mi.

Ohun tó wà lọ́kàn mi láti sọ gan-an nìyí. Mo sinmi fún ọjọ́ méje kí ọrùn lè jinná, mo wá fún abẹ tuntun ní àyè tó dọ́gba: nílé, pẹ̀lú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì mi, láìtẹ̀ ẹ́, láìlòdì sí irun. Ó fá a dáadáa, kókó ò jáde bíi ti àkọ́kọ́, mélòó kan péré ló yọ. Síbẹ̀ nǹkan kan ò pé. Ìgbà tí mo dé àgbọ̀n ni mo mọ̀ pé ariwo ni. Abẹ irin máa ń sọ̀rọ̀. Lórí irun líle àgbọ̀n, ó máa ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń tẹ ewé gbígbẹ. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohùn rẹ̀ á lọlẹ̀. Bí ọṣẹ bá ti ń gbẹ, ohùn á yí. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́ jù, á dákẹ́. Bí bíléèdì bá ti kú, á máa ha. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, etí lèmi fi ń ṣọ́ awọ mi, ọdún 11 ni mo sì lò láìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ oníbíléèdì márùn-ún yìí ò sọ nǹkankan. Rọ́bà wà níwájú, nǹkan yíyọ̀ wà lẹ́yìn, bíléèdì há sáàárín, gbogbo wọn gbé ẹnu dákẹ́. Bó o bá ń ṣe ara rẹ léṣe, ọjọ́ kẹta lo máa tó gbọ́.

Àwọn nǹkan tó kù ò le tó bẹ́ẹ̀. Bí irun bá ti tó ọjọ́ mẹ́ta, ó máa ń há sáàárín àwọn bíléèdì, torí wọ́n sún mọ́ra jù. Omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára nìkan ló ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ohun yíyọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí mo fi lo orí kan nígbà mẹ́jọ, ó kù bí ilà funfun. Orí kan fá irùngbọ̀n fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìlọ́po méjì ohun tí bíléèdì abẹ irin mi ń ṣe, àmọ́ owó orí kan ṣoṣo á ra odindi páálí bíléèdì. Ní 2020, àwọn onímọ̀ MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé irun, tí irin fi nǹkan bí ìlọ́po 50 le jù ú lọ, máa ń ké ẹnu bíléèdì já díẹ̀díẹ̀ bó bá dagun sí i lọ́nà tí kò dáa. Nítorí náà, yálà ọ̀kan ni tàbí márùn-ún, gbogbo wọn ló máa kú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ lára rẹ̀ á pa yín lẹ́rìn-ín. Bíléèdì kẹfà kan wà lẹ́yìn orí náà, òun nìkan ló dá wà, wọ́n fi síbẹ̀ fún abẹ́ imú àti ẹ̀gbẹ́ etí. Kò sí ibi tó ṣòro fún un. Bíléèdì kan ṣoṣo, bíi tèmi.

Ìyàwó mi ò rò ó tó bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Bàbá ìbejì, èyí dáa, ẹ wá máa jáde ní balùwẹ̀ kíákíá." Òótọ́ ló sọ. Bí irun yín bá nà, tí ẹ sì máa ń pẹ́ jáde láàárọ̀, ẹ rà á, kò ní já yín kulẹ̀. Bí irun yín bá ká bíi tèmi, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú ibi kan, ẹ tẹ̀ lé ibi tí irun sùn sí, kí ẹ sì fi ọrùn sílẹ̀ fún abẹ mìíràn.

Tèmi ti wà nínú báàgì ìrìn-àjò, orí méjì ló kù nínú páálí rẹ̀. Abẹ irin ti padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀sìn, mo ti fi bíléèdì tuntun sínú rẹ̀. Irùngbọ̀n ọjọ́ méjì ló wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì ti ń gbọ́ tí omi tí mo gbé kaná ń hó.