Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti parí ìwé àṣekágbá mi ní Àjàṣẹ́

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí wọ́n ti ń tẹ ìwé tí wọ́n sì ń dì í. Ibẹ̀ ni mo ti parí ìwé àṣekágbá màsítà mi lórí ọrọ̀-ajé ìlera. Ìwádìí mi dá lórí àjẹsára ibà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọdé orílẹ̀-èdè wa, Benin, ní oṣù kẹrin ọdún 2024: èló ni à ń ná lé e lórí, ọdún ìlera mélòó ni a sì ń fi owó náà gbà lọ́wọ́ àìsàn. Tábìlì ló kún inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, òǹkà kan ṣoṣo sì tó láti ba gbogbo àbájáde jẹ́.

Yúrò ni mo fi ṣírò àwọn owó kan, mo sì yí wọn padà sí fráǹkì sẹ́fà ní 655,957 fún yúrò kan (lọ́dọ̀ wa, kọ́mà ló ń ya ìdá sọ́tọ̀ kúrò lára odidi òǹkà). Àtòjọ CHEERS ti ọdún 2022, èyí tí ó ka ohun tí ìròyìn ìwádìí ọrọ̀-ajé ìlera gbọ́dọ̀ sọ, tí ó sì ní kókó 28, béèrè pé kí a sọ irú owó tí a lò àti bí a ṣe yí i padà, nítorí náà òǹkà yìí kò ṣe é fojú fò. Àmọ́ kọ̀ǹpútà mi ti fi àmì ìdánudúró sí ipò kọ́mà, ènìyàn sì lè kà á sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 655 ó lé. Ọmọbìnrin tí ó ń to ojú ewé náà dá iṣẹ́ dúró, ó fi ìka lé orí òǹkà náà, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé ẹgbẹ̀ta fráǹkì ó lé ni yúrò kan, tàbí ó ju ọ̀kẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n lọ?" Àyà mi já. A ò sanwó fún un pé kó ka ìwé, síbẹ̀ ó jókòó tì mí títí a fi yẹ gbogbo tábìlì wò, tí a sì tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdìwé wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó rí i gbà, ewé mẹ́rin sì dojú kọdò nínú ọ̀kan lára ẹ̀dà mẹ́ta. Wọ́n tún un dì láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ìrìn àjò náà sì dá mi lágara. Àwòrán aláwọ̀ wọ́n díẹ̀ níbẹ̀. Ìlà gígé-gígé ni mo fi rọ́pò àwọ̀ nínú tèmi, ó sì hàn kedere.

Àbúrò mi tí ó wà ní Kétu yóò parí tirẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ibẹ̀ náà ni màá mú un lọ, ṣùgbọ́n a ó ṣí gbogbo ewé wò kí a tó kúrò níwájú tábìlì wọn.