Medicare lẹ́ni ọdún 65: ohun tí ojú mi rí kí káàdì tó dé

Páálí pẹlẹbẹ aláwọ̀ pupa, funfun àti búlúù ni káàdì Medicare, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn tó ti pé ọdún 65. Nígbà tí mo yọ ọ́ nínú àpòòwé, ọkọ mi yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé páálí yìí ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ fún láti ọjọ́ yìí?"

Òun náà ni o. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Maryland, kò sì sígbà tí mo gbowó tí wọn kì í yọ ti Medicare. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ sanwó orí fún ọdún 10 kì í san owó oṣooṣù lórí Part A, èyí tó wà fún ìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn dúró sí ọsibítù. Part B, ti dókítà àti àyẹ̀wò, ni wọ́n ń gbowó lé: 185 dọ́là lóṣù ní 2025, ó ti di 202.90 ní 2026.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Medicare. Ọ̀rọ̀ àsìkò ló jẹ́ kí n yọ ọ̀kan. Oṣù 7 ni wọ́n fún èèyàn láti wọlé: mẹ́ta ṣáájú oṣù tó máa pé 65, oṣù náà gan-an, àti mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì máa gba owó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, fúnra rẹ̀ ni yóò lọ forúkọ sílẹ̀. Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó pé 65, ó ń ra COBRA, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ tí èèyàn ń dá sanwó rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò níbẹ̀. Ó rò pé ó ti tó. Medicare kì í ka COBRA sí ìdí láti dúró de Part B. Kí bàbá tó wọlé, odidi ọdún méjì ti kọjá lórí oṣù 7 tirẹ̀, wọ́n sì bu ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó oṣooṣù rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń lo Part B, á máa san án nìyẹn. (Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ ti pé 20, tó sì ń lo ìnṣọ́ránsì ibẹ̀, lè dúró.)

Bí mo ṣe ń sún mọ́ 65 ni fóònù mi ò sinmi mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ tà mí ní Advantage, ìyẹn Medicare tí iléeṣẹ́ aládàáni ń bójú tó: kò sí owó oṣooṣù kún ti Part B, wọ́n á tún san ti eyín àti awò ojú, tí Medicare ìjọba fúnra rẹ̀ kì í san. Mo ní, "Tí ara mi ò bá yá n'Íbàdàn ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ eyín.

Ọ̀dọ̀ àwọn SHIP, ìyẹn àwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí Medicare ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ni mo ti rí ìdáhùn. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn, wọn kì í ta nǹkan kan. Màmá tó dá mi lóhùn ní yàtọ̀ sí àwọn ọ̀ràn díẹ̀, Medicare kì í sọdá òkun. Ní Amẹ́ríkà níbí pàápàá, lẹ́yìn iye tí mo máa kọ́kọ́ san lọ́dún (257 dọ́là ló jẹ́ ní 2025), ìdá 80 ni Part B ń san, ìdá 20 tó kù kò sì lópin. Medigap, ìnṣọ́ránsì àfikún tí iléeṣẹ́ aládàáni ń tà, ló ń dí ihò yẹn. Mo mú irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Plan G. Iléeṣẹ́ yòówù tí ẹ bá ti rà á, ohun kan náà ló ń ṣe. Iye tí wọ́n ń tà á ló yàtọ̀, nítorí náà ẹ ná an káàkiri. Láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́ tí Part B bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọdún 65, wọn ò lè torí àìsàn kọ èèyàn. Èmi tí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò jẹ́ kí oṣù kan kọjá. Oògùn ni mo ra Part D fún lọ́tọ̀.

Plan G yìí ń bá èèyàn dé ilé ní Nàìjíríà: tí àìsàn pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, mo máa san 250 dọ́là, wọ́n á san ìdá 80 lára èyí tó kù, títí dé 50,000 dọ́là láyé mi. Àmọ́ ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ìrìn àjò nìkan ni o.

Oṣù mẹ́ta ni mo máa ń lò nílé tẹ́lẹ̀. Ti ọdún yìí, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ni mò ń lọ, ọjọ́ 8 oṣù kìíní ni mò ń padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi kà á lórí kàlẹ́ńdà.