Ẹ̀kọ́ Access fún àgbàlagbà tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù: kíláàsì dára, ọ́fíìsì kò tó iṣẹ́

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni Access to Higher Education Diploma, ẹ̀ka ti nọ́ọ̀sì, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ mìíràn rí, tí wọ́n wá fẹ́ yà sídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Mo parí ẹ̀kọ́ náà, mo sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. N kò ní dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ bá a wí lé lórí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìdájọ́ mi ni pé ẹ̀kọ́ inú kíláàsì dára ju bí mo ṣe rò lọ, àmọ́ ọ́fíìsì tó ń gba ènìyàn wọlé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dá àgbàlagbà dúró lójú ọ̀nà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í sábà sí nínú kíláàsì rárá. Kí èèyàn tó wọlé àti lẹ́yìn tó bá jáde ló máa ń pàdé rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n dá irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọn àgbàlagbà tí kò ní ìwé ẹ̀rí tí yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama. Àjọ QAA ló ń mójú tó o. Kírẹ́díìtì 60 ló wà nínú rẹ̀. 45 nínú wọn ni wọ́n ń fi máàkì sí ní ìpele kẹta, yálà Pass, Merit tàbí Distinction, 15 tó kù kò sì béèrè ju kí ènìyàn yege lọ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń fẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn ti kàwé láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ìwé ẹ̀rí tí a gbà ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, bó ti wù kó dára tó, kì í fi í dá tó lójú wọn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ní kíláàsì ló ń ṣe iṣẹ́ kíà ní ilé àwọn arúgbó ní Woolwich, Bexley àti Lewisham. Èmi ti jókòó sídìí káńtà bánkì ní Ìbàdàn kí n tó wá sí ìlú òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ti wa bọ́ọ̀sì, obìnrin kan sì ti ta aṣọ lọ́jà Balógun fún ìgbà pípẹ́. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa mọ irú ẹni tí a jẹ́, ó sì ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé orí ẹ̀kọ́ nípa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kò kọ́kọ́ ṣí ìwé. Ó bi wá pé kí ló dé tí òòyì fi máa ń kọ́ màmá arúgbó tó bá dìde lójijì lórí ibùsùn. Gbogbo àwa tó ń ṣe kíà la mọ ohun tí à ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀: a ó ní kí màmá kọ́kọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí wọ́n mí dáadáa, kí a tó dì wọ́n mú dìde. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Olùkọ́ wá ya ọkàn àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ sójú pátákó, ó fi hàn wá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá nàró, bí àwọn ohun tó ń ṣọ́ ìfúnpá nínú iṣan ọrùn ṣe ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kí ọkàn yára kí iṣan sì sún kì, àti bí ọjọ́ orí pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń mú kí iṣẹ́ tí wọ́n rán náà pẹ́ kó tó jẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí a wọn ìfúnpá ara wa, lórí ìdùbúlẹ̀ àti lórí ìnàró, kí a kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo mọ ohun tí mò ń dúró dè bí mo bá ní kí màmá ṣe sùúrù kí wọ́n tó dìde.

Ìṣirò ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn jù. Ìbéèrè kan ní: bí dókítà bá kọ ọ́ pé kí líta omi kan wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí mẹ́jọ, mílílíta mélòó ni ẹ̀rọ yóò máa fi sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan? Obìnrin tó ta aṣọ ní Balógun yìí wo ìwé títí, ó ní òun kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà pé ẹgbẹ̀rún náírà ni, kí ẹ pín in fún ènìyàn mẹ́jọ lọ́gbọọgba.” Kí n tó pa ẹnu dé ló ti dáhùn: “Náírà márùndínláàádóje ni, àbúrò. Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn?” Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Olùkọ́ ìṣirò wa kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù láti jẹ́ kí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ìdáhùn, èyí tí n kò rí lọ́wọ́ àwọn tíṣà mi nígbà tí mo wà ní girama. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ àròkọ náà gbìyànjú, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” ni ó máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wa, títí a fi mọ̀ pé kò sí gbólóhùn tí a lè sọ lásán láìtọ́ka sí ibi tí a ti rí i. Bí wọ́n bá ní kí n fi máàkì sí ẹ̀kọ́ nìkan, márùn-ún nínú márùn-ún ni n ó fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ló yàtọ̀. Yunifásítì tó pọ̀ jù lọ ló ń béèrè GCSE, ìdánwò girama ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, ní máàkì 4 sókè, tàbí ohun tó bá a dọ́gba, ìwé ẹ̀rí Access kò sì gba ipò rẹ̀. Àwọn kan máa ń gba C6 ti WAEC, àwọn mìíràn kì í gbà á, àwọn mìíràn á sì ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ìfiwéra lọ́dọ̀ UK ENIC, àjọ tó ń fi ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wé ti ìlú òyìnbó, èyí tí wọ́n ń pè ní NARIC tẹ́lẹ̀. Functional Skills ìpele kejì, ìdánwò mìíràn nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, wà, ọ̀fẹ́ ni fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò bá ní máàkì náà ní England, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń gbà á. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi ènìyàn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá gba fọ́ọ̀mù nìyí. Lọ́dọ̀ wa, nígbà tí à ń kọ fọ́ọ̀mù UCAS tí a fi ń wá àyè sí yunifásítì, tí gbèdéke rẹ̀ wà nínú oṣù kìíní, ni wọ́n tó pe àwọn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti béèrè ìwé ìṣirò wọn. Lára àwọn tó ń ṣe dáadáa jù ní kíláàsì ló fi ọdún kan ṣòfò báyìí, nítorí pé ìdánwò tí wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra fún nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú tún le ju ìyẹn lọ. Láti ọdún 2022 tí ìjọba fi iṣẹ́ kíà sábẹ́ físà Health and Care, títí wọ́n fi ti ọ̀nà náà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun ní 2025, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gba ọ̀nà yẹn wọlé, àwọn gan-an ni ọkàn wọn sì máa ń fà sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀yáwó Advanced Learner Loan, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi sanwó Access, kì í sí fún ẹni tó bá ṣì wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìgbélùú gbére ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú pé ènìyàn ti ń gbé ìlú náà fún ọdún mẹ́ta. Ohun kan náà ni wọ́n ń wò fún ẹ̀yáwó ti yunifásítì. Àbúrò obìnrin kan ní kíláàsì wa fi owó ara rẹ̀ san gbogbo owó ẹ̀kọ́. Ọ́fíìsì yẹ físà rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó gbà á láyè láti kàwé, wọ́n sì gba owó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé lẹ́yìn Access, owó àjèjì ni yunifásítì yóò bù fún un, èyí tó ga gan-an ju £9,535 tí ọmọ onílé san ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26. Ó gba Distinction lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ kíà rẹ̀, ó ń dúró de ìwé ìgbélùú gbére.

Kí n má ṣe àbòsí, ohun kan wà tí wọ́n ṣàlàyé yéké. Wọ́n sọ fún wa pé bí ẹni tó bá fi ẹ̀yáwó ṣe Access bá tẹ̀síwájú, tó sì parí ẹ̀kọ́ yunifásítì, ìjọba yóò pa gbèsè Access yẹn rẹ́. Òtítọ́ ni. Wọ́n tún mú akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan tó wà ní ọdún kẹta wá bá wa sọ̀rọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn sì wúlò ju gbogbo ìwé ìléwọ́ tí wọ́n pín fún wa lọ. Òun ló jẹ́ kó yé wa pé wákàtí 4,600 ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àti ní ìgboro, nígbà mìíràn lóru, nígbà mìíràn ní òpin ọ̀sẹ̀, láìsí owó oṣù. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ máa ń gba wákàtí 37.5, ẹni tó bá sì ń gbára lé ṣíìfù kíà láti san owó ilé kò ní rí ọjọ́ púpọ̀ tí yóò fi ṣe é. Owó ìrànwọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ ń gbà, ìjọba ti mú un kúrò fún àwọn tó wọlé láti 2017. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní £5,000 lọ́dún tí a kì í san padà, òbí sì lè rí £2,000 sí i. Ẹ̀gbọ́n kan béèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ìyẹn ránṣẹ́ sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí a sọ fún àwọn ará ilé kí a tó bẹ̀rẹ̀, pé fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n má retí.

Àwòrán àwọn àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín kún gbogbo ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ọjọ́ orí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lórí ìyẹn, mo gbà pẹ̀lú wọn. Olóyè Kofoworola Abeni Pratt, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1915, ti ṣe iṣẹ́ tíṣà nílé kó tó wá wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ó sì padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ Mátírọ́nù UCH ní Ìbàdàn. Kò sí àwòrán rẹ̀ lára ògiri náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gúúsù odò Thames kan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà àti St Thomas’ wà.

Ṣé kí ẹ wá forúkọ sílẹ̀? Bí ìwé ìgbélùú gbére bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò tí yunifásítì tí ẹ fẹ́ lọ ti fi ímeèlì jẹ́rìí sí pé àwọn yóò gbà, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ yìí yóò sìn yín dáadáa. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ wá a, kí ẹ má jẹ́ kí ọ́fíìsì fi ìkánjú kó yín sínú ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò lè yọwọ́ nínú owó oṣù lè bi ilé iṣẹ́ rẹ̀ léèrè nípa apprenticeship, níbi tí ènìyàn ti ń gba owó bó ṣe ń kọ́ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹni tó bá sì ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ó wo MSc nọ́ọ̀sì (dìgírì kejì) tí wọ́n ń fi ọdún méjì ṣe kó tó gba fọ́ọ̀mù Access. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń ṣe é ló ń béèrè ẹ̀rí pé ènìyàn ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí, irú èyí tí ọwọ́ oníṣẹ́ kíà kì í wọ́n. Ọ̀kan nínú wa tó ka kẹ́mísírì ní Nàìjíríà kò mọ̀ pé ọ̀nà yẹn wà, àfi ìgbà tí olùkọ́ báyọ́lọ́jì sọ fún un lẹ́yìn kíláàsì. Ó kúrò lọ́dọ̀ wa nígbà Kérésìmesì, wọ́n sì gbà á sí MSc. Ẹ̀yáwó sáà àkọ́kọ́ tó fi bá wa jókòó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.