Internet Archive: Wayback Machine ò láfiwé, ilé ìkàwé wọn ni kóòtù ti gé lápá

Kí n ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀ ṣá. Tẹ́ ẹ bá ń wá ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti pa rẹ́, tí lìńkì ẹ̀ kàn ń gbé 404 jáde bí ẹni ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Wayback Machine, ẹ̀rọ Internet Archive tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà tó máa fò mọ́ yín lójú, wọn ò sì ní kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì kẹ́ ẹ tó wo nǹkan. Ẹ kàn máa lẹ àdírẹ́ẹ̀sì yẹn sínú àpótí tó wà níbẹ̀ ni, á wá gbé kàlẹ́ńdà jáde, ọdún wà lókè, àmì róbótó á wà lára àwọn ọjọ́ tí wọ́n ya ojú ìwé yẹn pa mọ́. Èyí tó bá jẹ́ búlúù, ẹ tẹ̀ ẹ́, ohun tẹ́ ẹ ń wá wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, wẹ́bsáìtì yẹn ń darí èèyàn síbòmíì lọ́jọ́ náà nìyẹn, tó bá sì jẹ́ aláwọ̀ ọsàn tàbí pupa, ẹ̀rọ ò bá nǹkan gidi níbẹ̀, ẹ fò ó. Mo ń sọ èyí torí àwọn kan á lọ tẹ pupa, wọ́n á ní ẹ̀rọ yìí ò wúlò.

Bọ́tìnì tí mo fẹ́ràn jù ni "Save Page Now", ó sì jọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ní kí wọ́n ya ojú ìwé kan pa mọ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá parí, á fún yín ní lìńkì tí nọ́ńbà 14 wà láàárín ẹ̀, ọdún ló ṣáájú, oṣù àti ọjọ́ tẹ̀ lé e, wákàtí, ìṣẹ́jú, títí dé ìṣẹ́jú àáyá. Ilé iṣẹ́ kan wà tí mi ò ní dárúkọ, mo ń san owó oṣooṣù fún wọn, wọ́n dọ́gbọ́n yí àdéhùn tó wà lórí wẹ́bsáìtì wọn, wọ́n wá ń sọ fún mi pé bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fi lìńkì ti tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ẹnu ẹni tó ń bá mi fa ọ̀rọ̀ látàárọ̀ wọhò, kò pẹ́ wọ́n dá owó mi padà. Ìràwọ̀ márùn-ún nìyẹn, mi ò yọ ìdajì kúrò.

Fún àwọn tí ò mọ̀ wọ́n, ọdún 1996 ni Brewster Kahle dá Internet Archive sílẹ̀ ní San Francisco, 2001 ni wọ́n ṣí Wayback Machine fún gbogbo ayé, ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ilé tí wọ́n ń lò báyìí tẹ́lẹ̀. Wọn kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń wá èrè. October 2025 ni wọ́n ṣàjọyọ̀ pé ojú ìwé tí wọ́n ti tọ́jú pé tírílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni, kó lọ wo ohun tí Pew Research Center, àjọ tó ń ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2024: nínú àwọn ojú ìwé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣeé ṣí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Google tó máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ìwé fún wa tẹ́lẹ̀ náà pa á tì ní 2024, kó tó di pé ọdún yẹn parí àwọn gan-an ló wá ń darí èèyàn sí Wayback Machine. Ẹ ò rí i pé ẹrù gbogbo ayé ti wá wà lórí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń fi ọrẹ owó ṣiṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ilé ìkàwé wọn tó ń yáni ní ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Bí wọ́n ṣe ń ya ìwé wọn wù mí. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Scribe ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á gbé ìwé sórí nǹkan tó là bíi lẹ́tà V kí ẹ̀yìn ìwé má bàa kán, gíláàsì á tẹ ojú ìwé méjèèjì mọ́lẹ̀, kámẹ́rà méjì á yà wọ́n, ẹni tó jókòó síbẹ̀ á fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì kí gíláàsì gbéra, á wá fọwọ́ ṣí èyí tó kàn. Ọwọ́ o, kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí orí ìka ẹnì kan létí ojú ìwé nígbà míì. Àwọn kan kà á sí àbùkù, èmi ò kà á sí.

Tẹ́lẹ̀, ìwé bébà tí wọ́n ní gangan ni wọ́n ń yà, tí wọ́n á wá máa yá èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀dà kan bá wà nílẹ̀ ẹnì kan ló lè mú un, àwọn tó kù á tò. Wákàtí kan tàbí ọjọ́ 14, tí àsìkò bá pé ó bọ́ lọ́wọ́ yín fúnra ẹ̀. Ṣebí bí ilé ìkàwé ṣe ń ṣe nìyẹn? Nígbà tí kòrónà wá dé, tí wọ́n ti ilé ìwé àti ilé ìkàwé pa káàkiri, wọ́n mú ìlà yẹn kúrò ní 24 March 2020, iye èèyàn tó bá fẹ́ lè mú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 ìwé. Ní 1 June, àwọn atẹ̀wé mẹ́rin, Hachette, HarperCollins, Penguin Random House àti Wiley, gbé wọn lọ sí kóòtù ní New York lórí ìwé 127.

Èmi fẹ́ràn wọn o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́, pàṣán tí wọ́n fi nà wọ́n, àwọn fúnra wọn ló gbé e fún ẹni tó nà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń yá ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n lẹ́jọ́, àfi ìgbà tí wọ́n mú ìlà kúrò. Kóòtù ò sì wá fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ìgbà kòrónà nìkan. Ní March 2023 Adájọ́ John Koeltl ní àti èyí tí wọ́n ń yá lọ́kọ̀ọ̀kan yẹn náà, kò bófin kópíráìtì Amẹ́ríkà mu, kì í ṣe fair use, ìyẹn lílo iṣẹ́ ẹlòmíì lọ́nà tí òfin gbà láìgba àṣẹ. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní 4 September 2024, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti gbè sẹ́yìn ilé ìkàwé náà ni pé wọ́n gbà pé kì í ṣe òwò ni wọ́n ń fi ṣe. Wọn ò gbé e lọ sí Supreme Court, ó sì lé ní ìwé 500,000 tó ti kúrò lára ohun téèyàn lè yá. Ẹ máa wá orúkọ ìwé, ẹ máa rí èèpo ẹ̀ báyìí tó ń dán, ẹ máa wá rí "Borrow Unavailable" níbi tí bọ́tìnì wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa tàbí tí wọn ò lè ka ìwé bébà tí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ fún un nìkan ló ṣì lè mú un.

Mo gbọ́ ti àwọn òǹkọ̀wé, mi ò sọ pé kí wọ́n má jẹun, ẹnu òfìfo kì í dún yànmùyànmù. Ibi témi àti àwọn atẹ̀wé ti ya ara wa ni ìwé orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ká lọ rà dípò ẹ̀, torí wọn kì í tà á, àṣẹ láti lò ó ni wọ́n ń tà. Ìwé bébà tí ilé ìkàwé bá rà, á máa yá a lọ títí tó máa fi gbó. Ti HarperCollins, láti 2011 ni wọ́n ti ní tí ilé ìkàwé bá ti yá e-book kan ní ìgbà 26, ó tán, kí wọ́n tún lọ ra òmíì. Kí ló ń gbó lára fáìlì? Àwa tá à ń rà fún ara wa náà ò sì sàn jù wọ́n lọ, ní 2009 Amazon wọnú Kindle, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kàwé, ti àwọn tó ti sanwó, wọ́n yọ ìwé kúrò níbẹ̀, nǹkan kópíráìtì ló fà á, wọ́n dá owó wọn padà lóòótọ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì, àmọ́ ta ló ń wọlé oníbàárà wá gba ìwé tó ti rà?

Nítorí náà ìràwọ̀ méjì ni mo fún ilé ìkàwé yẹn bó ṣe wà báyìí. Ọ̀kan, torí pé wọ́n ṣì ń jẹ́ kéèyàn wá ọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí kò ṣeé yá, ó máa sọ ojú ìwé tó wà fún yín, ó sì wúlò gan-an fẹ́ni tó ń ṣèwádìí. Ìkejì, torí àwọn ìwé tí kópíráìtì wọn ti tán. Ní Amẹ́ríkà ọdún 95 ni wọ́n ń kà fún ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, ìwé 1930 ló bọ́ síta ní 1 January 2026, gbogbo ẹ̀ lẹ lè dáúnlóòdù pátápátá láìtò. PDF ni kẹ́ ẹ mú o, ẹ má mú EPUB tó jẹ́ irú fáìlì ìwé míì, kọ̀ǹpútà ló ń ka lẹ́tà fúnra ẹ̀ ṣe EPUB yẹn, àṣìṣe máa ń pọ̀ nínú ẹ̀.

Ti ààbò, kò dáa rárá. October 2024 ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì já wọlé sí wọn lára, àkáǹtì mílíọ̀nù 31, ímeèlì, orúkọ, páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ti sọ di àdììtú, gbogbo ẹ̀ ló lọ, wẹ́bsáìtì náà sì kú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá máa ṣí àkáǹtì, páásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ò lò níbòmíì ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ti àwo orin àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́jú náà tún gbé wọn dé kóòtù ní 2023, àwọn ilé iṣẹ́ orin ńlá ń bèèrè ohun tó lé ní $600 mílíọ̀nù, wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn ní September 2025.

Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù báyìí kì í tiẹ̀ ṣe kóòtù, AI ni. Ní August 2025 Reddit, wẹ́bsáìtì táwọn èèyàn ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn, ní àwọn ò ní jẹ́ kí Wayback Machine máa ya ojú ìwé àwọn mọ́ àfi ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan, wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ AI ń gba ẹ̀yìnkùlé yẹn wọlé wá kó ọ̀rọ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ àwọn kẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń lò ó fọwọ́ ara wọn kọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí Reddit fúnra ẹ̀ sì ti bá Google ṣàdéhùn owó lé lórí ní 2024. Tó bá jẹ́ Reddit ni ìdáhùn tẹ́ ẹ nílò wà, ẹ má gbára lé "Save Page Now" mọ́, ẹ tètè ya skrínṣọ́ọ̀tì ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé déètì hàn.