Páálí mẹ́dàlì Eagle Scout: ó dára, ṣùgbọ́n ẹ tú u wò ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ

Láti ọdún 1912 tí Arthur Eldred ti kọ́kọ́ gba oyè Eagle Scout ní Amẹ́ríkà, oyè yìí ló ga jù tí ọmọ Sìkáòtù lè gbà níbẹ̀. Kí ọmọ tó dé ibẹ̀, ó ti gba báàjì 21, ó ti di ipò mú fún oṣù 6, ó ti ṣètò iṣẹ́ kan tó ṣe àwùjọ láǹfààní, ó sì ti parí gbogbo rẹ̀ kó tó pé ọdún 18. Ọmọ tó ṣe báyìí kọ́ ló yẹ ká máa wá abẹ́rẹ́ báàjì fún lórí pèpéle lọ́jọ́ ayẹyẹ.

Mẹ́dàlì inú páálí tí wọ́n ń tà fún ayẹyẹ oyè náà dára gan-an. Lókè ni irin tí wọ́n kọ "Be Prepared" sí wà, etí rẹ̀ méjèèjì ká sókè bí ẹnu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Rìbọ́ọ̀nù pupa, funfun àti búlúù tẹ̀ lé e, idì aláwọ̀ fàdákà sì so rọ̀ nísàlẹ̀. Òkè àpò òsì ṣẹ́ẹ̀tì ni ààyè rẹ̀, ọjọ́ ayẹyẹ nìkan ni wọ́n sì ń lò ó. Báàjì aláṣọ tó bá a wá ni ti ojoojúmọ́: ẹ rán an mọ́ àpò òsì kí ọjọ́ náà tó pé.

Àwọn pín kékeré, ìyẹn báàjì onírin tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ti òbí wà níbẹ̀, ti olùtọ́nisọ́nà náà sì wà. Abẹ́rẹ́ wọn kúrú, aṣọ tó nípọn kì í gbà á. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀, ó dìgbà tí wọ́n bá gbá ilẹ̀. Ẹ ṣí i sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ gún un mọ́ tìmùtìmù kékeré kan. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló tọ́ ọmọ, òun ni kí ọmọ fi pín òbí sí láyà. Ẹ má wo orúkọ tó wà lára páálí.

Kò sí àbẹ́là nínú páálí. Ìkọ̀ Sìkáòtù tó fẹ́ tan àbẹ́là níbi ayẹyẹ yóò wá 15: 12 fún òfin Sìkáòtù, 3 fún ẹ̀jẹ́. Ẹ pa fáànù, tàbí kí ẹ lo àbẹ́là tó ń lo bátìrì.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí wọ́n pín ìwé ìpè kí ìwé ẹ̀rí tó dé láti orílé-iṣẹ́. Láìsí ẹ̀rí pé wọ́n ti fọwọ́ sí oyè ọmọ, ilé ìtajà Sìkáòtù kò ní ta mẹ́dàlì náà fún yín. Ìwé ni kó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà kí ẹ wá mú ọjọ́, kí ẹ sì gba gbọ̀ngàn.