Rọ́bà fáàfù Viton lórí Mercedes V-boot 300E mi, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán tí mo ṣíná sí mọ́tò, èéfín búlúù á bo gbogbo àgbàlá. Ìyá tó ń gbé ilé kejì á ní, "Àlàájì, ẹ ṣé o, ẹ ti bá wa lé ẹ̀fọn." Kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ, á dá. Bí mo bá ń ti Ọ̀mù-Àrán bọ̀, tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí mo wá tún tẹná, á tún tú bọ́ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Èyí kì í ṣe ìwà ríìngì, irin rìbìtì tó yí písítìnì ká. Ríìngì tó ti jẹ á máa rú èéfín ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ agbára, kò ní dúró de àárọ̀. Rọ́bà fáàfù, ìyẹn rọ́bà kékeré tó ń dí ọ́ìlì lórí ọ̀pá fáàfù, ló ti gan, ọ́ìlì wá ń ro gba ibẹ̀ mọ́jú.

Ẹ́ńjìnnì M103 ni, sìlíńdà mẹ́fà, lítà 3. Nígbà tó wà ní tuntun, ó ń sá tó 220 km/h, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi ọjà pọ́ọ́kú tún ṣe. Èmi náà sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́bà dúdú kan tí ò lórúkọ ni mo rà, oṣù márùn-ún, èéfín ti padà dé. Nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì mi yọ wọ́n, mo fi ìka méjì tẹ ọ̀kan, ó fọ́ péú bí èèpo ẹ̀pà. Ó jọ pé nitrile, irú rọ́bà kan, ni. Nitrile ò bẹ̀rù ọ́ìlì, àmọ́ tí ooru bá ti ń kọjá bíi 120°C, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gan nìyẹn. Kí mọ́tò wá há sínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Gẹ̀rí Àlímì n'Ílọrin lọ́sàn-án oṣù kẹta!

Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó ní kí n ra èyí tí wọ́n fi Teflon ṣe, pé òun làwọn tó ń to ẹ́ńjìnnì ìdíje ń lò. Òótọ́ ni, ooru ò rí i gbé ṣe. Àmọ́ ó máa ń nu ọ̀pá fáàfù gbẹ fúrúfúrú, ọ̀pá yẹn sì gbọ́dọ̀ rí ọ́ìlì díẹ̀ kó má baà jẹ gáìdì, ìyẹn irin oníhò tó ń rìn nínú ẹ̀. Lórí gáìdì tuntun, ó dáa. Tèmi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. (Ohun tó bá fún jù ò kúkú dáa, ẹ bi ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì lọ òde.)

Viton, irú rọ́bà mìíràn, ni mo wá rà ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà mọ́tò l'Ékòó, iṣẹ́ Jámánì, tó ń fara da bíi 200°C. Owó ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, ó dùn mí wọra. Ẹ má fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n o, kò sí àwọ̀ tí wọn ò lè pò mọ́ rọ́bà. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni kẹ́ ẹ kà. Méjìlá ni: mẹ́fà 8 mm fún fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, mẹ́fà 9 mm fún èyí tó ń tú èéfín. Ike tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi bo orí ọ̀pá kí ojú gígé tó wà lára ẹ̀ má baà ya ètè rọ́bà. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ jù ú nù, mo pariwo mọ́ ọn. Bóyá wọn ò tiẹ̀ lò ó fún ti àkọ́kọ́.

A ò sọ tọ́pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, kalẹ̀. Ọ̀gá gbé písítìnì wá sókè pátápátá, ó mú plọ́ọ̀gì àtijọ́ kan tó ti gbẹ́ inú ẹ̀ dànù, ó so ó mọ́ rọ́bà afẹ́fẹ́ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Afẹ́fẹ́ di fáàfù mú ṣinṣin kó tó tú sípíríìngì. Lẹ́yìn náà ló mi ọ̀pá kọ̀ọ̀kan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fáàfù afẹ́fẹ́ sìlíńdà karùn-ún nìkan ló mì ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá ní ká sọ tọ́pù kalẹ̀ ká pààrọ̀ gáìdì ẹ̀, mo ní owó ti tán.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Tẹ́lẹ̀, lítà ọ́ìlì kan ò lè pé oṣù. Mo ti lọ Ọ̀ffà àti Ọ̀mù-Àrán láìmọye, mo lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì fi ọ́ìlì kún un rí kí n tó pààrọ̀ ẹ̀. Èéfín àárọ̀ ti lọ. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Plọ́ọ̀gì márùn-ún ló gbẹ, tí àwọ̀ wọn dà bí iyanrìn. Ti sìlíńdà karùn-ún ṣì ń dúdú, ẹ̀bi gáìdì tí mo fi sílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti rọ́bà.